Ẹ Ní Ẹ̀dà Rẹ̀ Lọ́wọ́

  

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ máa kọ̀wé ni a gbé wá lóṣù yìí. Wọ́n pọ̀ láàárín wa ju bí ènìyàn ti rò lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti Mọníyà títí dé Ìjàyè, láti Lálúpọn dé Èjìokú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ẹ̀rúnmu, àti gbogbo ojú ọ̀nà Akanran, ṣàṣà ni ìjọ tí a kò ti ní rí ẹnì kan tó ní ìwé tó ń kọ nǹkan sí. Ó lè jẹ́ akọ̀wé ìjọ, ó lè jẹ́ tísà, ó lè jẹ́ ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà. Ẹ̀rí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un ni ẹlòmíràn ń kọ. Ìtàn bí ìgbàgbọ́ ṣe dé abúlé wọn ni ti ẹlòmíràn. Eré tí àwọn ọ̀dọ́ yóò ṣe lọ́jọ́ Kérésìmesì ni ti ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gbé e wá sọ́dọ̀ wa, ohun kan náà ni wọ́n máa ń bèèrè: "Bàbá, èló ni wọn yóò fi bá wa tẹ̀ ẹ́?" Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà níwájú rẹ̀, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè: níbo ni ẹ̀dà kejì wà?

Ìtàn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé mọ̀. Samuel Johnson ni orúkọ rẹ̀. Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, àwọn òbí rẹ̀ sì mú un wá sí Ìbàdàn ní kékeré, nígbà tí Hinderer, òyìnbó C.M.S., ń wàásù níbẹ̀. Ní Ìbàdàn ló ti ṣe olùkọ́, ibẹ̀ náà ló ti ṣe katikíìsì, kó tó lọ ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ojú rẹ̀ ni ogun Kírìjì ṣe, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ń rán láàárín àwọn ológun nígbà tí wọ́n ń wá àlàáfíà ní 1886. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọ, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Ó lé ní 20 ọdún tó fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ní 1897 ló kọ ọ́ parí, nígbà tó sì di 1899 wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú òyìnbó nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, rìnrìn-àjò lọ sí ìlú òyìnbó ní 1900, ó sì yà lọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé náà láti bèèrè. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ìwé náà ti sọnù mọ́ àwọn lọ́wọ́, àwọn wá a, àwọn kò rí i, ṣùgbọ́n àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná! Èló ni ènìyàn yóò gbà lórí 20 ọdún? Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Samuel Johnson kú.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí síbẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó parí ni pé ọkùnrin yìí kì í da ìwé nù. Àwọn àkọsílẹ̀ tó ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́, àwọn ewé tó kọ́kọ́ kọ tó sì tún wọn kọ, gbogbo rẹ̀ wà nílé. Inú wọn ni àbúrò rẹ̀ ti tún ìwé náà kọ láti orí dé ìdí. Ó pẹ́ kó tó lè dáwọ́ lé e, nítorí iṣẹ́ ìṣègùn ò jẹ́ kó ráyè, títóbi iṣẹ́ náà sì ń bà á lẹ́rù. Ní oṣù kìíní ọdún 1916 ni wọ́n fi èyí tuntun ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Appam. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á gba Amẹ́ríkà lọ! Nǹkan bí ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó gbúròó ìwé lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà náà kú ní 1920. Ìwé jáde ní London ní 1921. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sí èyí tó fojú rí i ní títẹ̀. Síbẹ̀ títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìbàdàn ṣe tẹ̀dó, tàbí bí ogun ṣe kó Ìjàyè ní 1862, ìwé Johnson ni yóò kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yín mọ irú èyí. Nínú Jeremáyà orí 36, ọba fi ọ̀bẹ gé ìwé náà, ó sì jù ú sínú iná níbi tó ti ń yáná. Jeremáyà tún mú ìwé mìíràn, ó fún Bárúkù, ó sì tún sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àní èyí tí wọ́n fi kún un tún pọ̀. Ṣùgbọ́n wòlíì ni Jeremáyà. Orí tiwa kò gba nǹkan dúró bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá kọ lánàá, bí a bá ní kí a tún un kọ lónìí láìwo ibì kan, ìdajì rẹ̀ ti lọ.

Ní abúlé tiwa, kì í ṣe ọba ló ń jó ìwé. Ikán ni. Òjò ni, níbi tí páànù ti lu. Eku ni. A sì ti rí ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ tí àwọn ọmọdé ń ya fún ìyá wọn láti fi wé ẹ̀pà. Nítorí náà, bírò ni kí ẹ fi kọ̀wé, ẹ má fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà sí orí ewé kọ̀ọ̀kan, kí ó lè jẹ́ pé bí ìwé bá tú, ẹ ó mọ èyí tó ṣáájú. Ojú kan ewé ni kí ẹ kọ, kí àyè lè wà lódìkejì fún ohun tí ẹ bá rántí lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ ewé mẹ́ta, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ fi fóònù ya ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà l'Ékòó tàbí ní Ìlọrin, kí ẹ sì sọ fún un pé kó má pa á rẹ́. Fóònù nìkan kò tó o, nítorí fóònù a máa bọ́ sínú kànga. Bí iṣẹ́ bá ti gùn díẹ̀, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, kí ẹ̀dà yìí sì wà nílé mìíràn. Ẹni tó kó ìwé àti ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpótí kan náà, ẹ̀dà kan ló ní. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tó ṣe olórí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iná jó ilé rẹ̀ l'Ékòó ní 1862, púpọ̀ nínú ohun tó ti kọ sílẹ̀ sì bá iná lọ. Odindi Bíbélì Yorùbá kò jáde títí di 1884.

Ó wá ku ohun tí a ó kọ. Níhìn-ín ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa. Bí a bá kó ìwé mẹ́wàá tí àwọn ará gbé wá kalẹ̀, méje nínú wọn ni yóò jẹ́ kọ́kọ́rọ́ méje sí èyí àti ìgbésẹ̀ méjìlá sí tọ̀hún, tí a sì mọ inú ìwé òyìnbó tí wọ́n ti yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà lè dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ti kọ ọ́, ó sì mọ̀ ọ́n kọ jù wá lọ. Ta ni yóò wá kọ bí ìhìnrere ṣe dé Lágùn? Ta ni yóò kọ orúkọ àwọn obìnrin tó ru omi àti iyẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń mọ ilé ìjọsìn àkọ́kọ́ ní abúlé yín? Òyìnbó kan kò lè kọ èyí. Àwa tí a wà ní ìgboro Ìbàdàn pàápàá kò lè kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ nìkan ló lè kọ ọ́, àkókò sì ń lọ.

A mọ ohun tí à ń wí. Nígbà ìsọjí ńlá ti Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà kò sí láyé mọ́ lónìí. Ohun tí wọn kò bá sọ fún ẹni tó kọ ọ́ ti bá wọn wọlẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn kọ owó orí, tí orúkọ Akanran gba gbogbo ilẹ̀ yìí kan. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà náà ti ń sún mọ́ 80 báyìí. Wọ́n ṣì wà ní Ọ̀nà-Àrà, wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án. Kí ni ìjọ ṣe láàárín wàhálà náà? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe ìsìn nígbà tí àwọn ará sá wọ inú oko? A kò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sí.

Ẹ má ṣe sọ pé ọmọdé ni yín. Bàbá Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó wá di Olúbàdàn láti 1955 sí 1964, tí ó sì jẹ́ olórí nínú ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, kò tíì pé 30 ọdún nígbà tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. Èdè Yorùbá ló fi kọ ọ́. Kò dúró di ìgbà tí ó bá jọba.

Ẹ má sì sọ pé ẹ kò kàwé. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré ni Amos Tutuola lò nílé ẹ̀kọ́. Mẹ́sẹ́ńjà ni ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní London ní 1952. Ẹnu yà wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà, ẹ má kọ́kọ́ gbé bírò dání. Ẹ lọ kí i lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ bá a jókòó, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ fún un, kí ẹ sì padà sílé. Yóò ti máa rò ó kí ẹ tó padà wá. Lọ́jọ́ kejì ni kí ẹ tọrọ àyè, kí ẹ tan fóònù yín kó máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì máa kọ orúkọ ènìyàn àti orúkọ ibi sílẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Bí ó bá ń ròyìn, ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu nítorí pé ẹ rò pé ẹ mọ ibi tó ń lọ. Bàbá kò ní sọ pé ọdún 1972 ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Yóò ní, "A ti kọ́ ilé Olúwa kí wọ́n tó pààrọ̀ owó." Iṣẹ́ yín ni kí ẹ mọ̀ pé ní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé, nítorí náà ilé ìjọsìn ti wà ṣáájú rẹ̀. Bí ìyá bá ní oyún wà nínú òun lọ́jọ́ tí Ògùnpa gbé Ìbàdàn, oṣù kẹjọ 1980 nìyẹn. Ẹ bèèrè ọmọ wo ni, ẹ ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ìlànà yìí kì í tan ènìyàn jẹ bí ẹni tó kàn méfò ọdún.

Bí àgbà méjì bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà tí kò bára mu ńkọ́? Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì kọ ẹni tó sọ èyí àti ẹni tó sọ tọ̀hún. Johnson ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dárúkọ àwọn tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn: àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, David Kukomi tó jẹ́ bàbá àgbà nínú ìjọ Ìbàdàn, Lágúnjú tó jẹ Tìmì Ẹdẹ. Lúùkù náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìhìnrere rẹ̀, jẹ́ kí Tìófílù mọ̀ pé òun wádìí lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Bí ẹni tó ní Ẹ̀mí Mímọ́ bá wádìí kó tó kọ̀wé, kí ni àwa ń yára sí?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí gba ìṣọ́ra ju ìtàn lọ. Ẹ̀rí ẹlòmíràn kì í ṣe tiwa. Arábìnrin kan lè dúró nínú ìjọ kó sọ pé òun ṣe àgàn fún ọdún méjìlá, kí gbogbo wa sì bá a yọ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé ó fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kí ìdílé ọkọ rẹ̀ máa kà á. Ẹ lọ bi í. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí i létí. Bí ó bá ní kí ẹ yọ orúkọ òun, ẹ yọ ọ́. Ẹ̀rí ìwòsàn náà, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. A ti ka èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìṣubú Ádámù, tó jẹ́ pé ewé karùn-ún ni a tó gbọ́ pé ikùn ló ń dùn ún. Bí wọ́n bá lọ sílé ìwòsàn, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n lọ. Ọlọ́run kò nílò kí a bá a fi dókítà pamọ́. Halelúyà mẹ́fà lójú ewé kan náà sì pọ̀ jù; ẹ jẹ́ kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ pariwo rẹ̀.

Èdè ńkọ́? Bí ẹ ti ń sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi àmì sí i. Ará Ìbàdàn tó ń pe iṣu ní "isu" lè máa pè é bẹ́ẹ̀ títí ayé, kò sí ẹni tí yóò bá a jà, ṣùgbọ́n "iṣu" ni ìwé mọ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i pé "oko mi sonu lana", ṣé ọkọ́ tó fi ń roko ló sọnù ni, tàbí ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé, tàbí ọkọ̀ tó ń wà? Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí a kàn lọ ra òmíràn lọ́jà; èyí tó jẹ́ ènìyàn ńkọ́? Ohun kejì tí a máa ń rí ni àwọn tó ń pa ìkọ̀wé àtijọ́ pọ̀ mọ́ ti òde òní, nítorí pé Bíbélì àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ìwé kíkà. Wọn a kọ "aiye" lókè, wọn a kọ "ayé" nísàlẹ̀. Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, òun náà ni àwọn ọmọ yín ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ẹ mú un, kí ẹ sì dúró tì í.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Alẹ́ dára fún un, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ sáà máa kà á lọ. Níbi tí màmá bá ti ní, "Kí ni ẹ wí?", ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Níbi tó bá ti ń tòògbé, ẹ gé e kúrò. Ẹnu dùn ún ròfọ́, a mọ̀. Ó máa ń dun ènìyàn láti gé ohun tó fi alẹ́ mẹ́ta kọ. Ẹ sáà gé e. Ẹ fi í pamọ́ síbi tí Johnson ń fi tirẹ̀ pamọ́ sí.

Ìgbà yìí ni a tó lè sọ̀rọ̀ òǹtẹ̀wé. Ẹ má yáwó tẹ̀wé. A mọ ilé tí páálí ìwé wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà, ikán sì ti dé ìdí wọn. Kọ̀ǹpútà ti sọ iṣẹ́ yìí di kékeré lóde òní. Ẹ lè tẹ 50, kí ẹ tà á, kí ẹ fi owó rẹ̀ tẹ òmíràn. Ẹ dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé mẹ́ta kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ gba èyí tí wọ́n tò lọ́wọ́ wọn, kí ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, ní pàtàkì orúkọ ènìyàn àti àmì orí ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ báálẹ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé tó bá jẹ́ ewé 40, kí fọ́tò òǹkọ̀wé àti ọ̀rọ̀ ìyìn láti ẹnu àwọn ẹni ńlá má gba 12 nínú rẹ̀. Àwọn òǹkàwé ti mọ ojú yín.

Ó ku ibi tí ìwé yóò máa gbé. Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ ló ń fún ìwé ní nọ́ńbà ISBN, òfin rẹ̀ ti 1970 sì ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn láàárín oṣù kan. Púpọ̀ nínú wa kì í ṣe é. Ọ́fíìsì wọn wà ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá ti dé ìgboro, ẹ tún ya ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni Ilé Àkójọ Ìwé Ìtàn Ìjọba wà, àwọn ìwé C.M.S. ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ohunkóhun nípa abúlé yín. Ẹ̀dà kan nínú ìwé tiyín, ẹ kó o sínú àpótí ìjọ. Ẹ fún báálẹ̀ ní ọ̀kan. Ẹ mú ọ̀kan lọ fún àgbà tó sọ̀rọ̀ náà fún yín, kí ẹ sì jókòó kà á fún un, pàápàá ibi tí orúkọ rẹ̀ wà.